Àrokò Kẹtàdínlógún

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Aune Kinnula wo òkun tó ti di yìnyín,
ó wo àwọn apẹja Hailuoto, mẹ́rìndínlógún,
tí wọ́n ń lu ihò láti fi wá ẹja,
ó ní: "Ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn yóò máa gbà.
Orúkọ wo ni n ó fún wọn tí ariwo ò ní gbé mì?"

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni. Aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ń ṣú.
Èmi ni mo ń po kófì, èmi ni mo ń pààrọ̀ bátìrì.
Ó ya àpótí márùn-ún sórí ìwé,
ó fi òdo àti ọ̀kan sí wọn nínú,
ó ní kí wọ́n máa ti ara wọn síwájú.
Èyí tó bá jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ọ́ sílẹ̀,
mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.
Ó ya márùn-ún mìíràn. Ó da méjèèjì pọ̀,
ó fa ọ̀kan sẹ́yìn díẹ̀, ó tún dà wọ́n pọ̀,
títí ẹbí náà fi pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Eevertti wọlé, yìnyín ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.
Ó ti kọ tirẹ̀ sẹ́yìn páálí sìgá:
ọ̀kan, òdo, ọ̀kan, òdo, ọ̀kan, òdo, ó lọ báyìí dópin.
"Èyí rẹwà. Òun ni kẹ́ ẹ fún mi."
"Bàbá, èyí jọ ara rẹ̀ jù.
Ẹ sún un síwájú ní ìṣísẹ̀ méjì, òun náà nìyẹn.
Ẹ fà á sẹ́yìn, òun náà nìyẹn.
Tí ẹ bá fi pè mí, n ó gbọ́ yín níbi gbogbo,
n kò sì ní mọ ibi tẹ́ ẹ wà.
Orúkọ tó dáa, ibì kan ṣoṣo ló ti ń bá ara rẹ̀ mu."
Bàbá mu kófì. Kò fèsì.

Ó wọn ẹrù wọn: ọ̀kan mẹ́rìndínlógún, òdo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Èyí tí ẹrù rẹ̀ bá fì, ó fi pẹ́ńsù pa á.
Mẹ́tàdínlógún ló kù.
Ó kó ìyẹn kojú ara wọn ní méjì méjì,
bí ìyá tó ń wo ìbejì lójú
kó má baà bọ́ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì.
Ìjọra wọn kò ju méje lọ,
nígbà mìíràn ó bọ́ sábẹ́ òdo, ọ̀kan tàbí mẹ́sàn-án.
Ṣùgbọ́n tí olórúkọ bá pàdé orúkọ rẹ̀,
mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko.

Lóṣù Ẹrẹ́nà a rán Eevertti lọ sórí yìnyín, ó rìn títí ojú ò fi tó o mọ́.
Lójú ẹ̀rọ, kò sí nǹkan kan, àfi ariwo.
Iyọ̀ ti yọ́ sínú omi,
ahọ́n tó mọ̀ ọ́n nìkan ló lè pè é.
Aune pè é. Kò jẹ́.
Ó tún pè é.
Ìgbà náà ni mo rí Taisto lábẹ́ fèrèsé,
ẹ̀rọ tirẹ̀ ń pariwo lápò:
méje ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà
ti bo mọ́kànlélọ́gbọ̀n ẹni tó jìnnà mọ́lẹ̀.
Mo sáré jáde láìwọ bàtà.
"Taisto! Rẹ ohùn ẹ̀rọ rẹ sílẹ̀!"
Nígbà tí mo padà, abẹ́rẹ́ kan ti dìde lójú ẹ̀rọ,
tẹ́ẹ́rẹ́, ó dá dúró.

Àrokò kan kù tí kò rí ẹni gbà á.
Mo ní ká fún ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ó ní rárá.
Ó ti kọ Oiva síwájú rẹ̀.
Oiva, àbúrò rẹ̀, gbé redio lọ sórí yìnyín lọ́dún kan;
lọ́jọ́ náà gbogbo ènìyàn ló ń pè, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹnì kan.
Lálẹ́, nígbà tó bá rò pé mo ti lọ,
ó máa ń fi mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn wá inú ariwo,
ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ kan.
Méje. Ọ̀kan lábẹ́ òdo. Méje.
Mo rọra pa ìlẹ̀kùn dé.